Fìtílà Sasson Tí A Kò Tíì Tàn

Èmi, Farha, ọmọ Nahoum Twena, aya Sasson Manasseh, tí mo ń gbé òkè ilé aránṣọ lẹ́yìn ọjà ní Rangoon, ilẹ̀ Bọ́mà, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Ara mi kò le, ṣùgbọ́n orí mi pé. Dókítà ní kí n má ra òróró púpọ̀ sílẹ̀ mọ́. Ó rò pé ohun tí òun ń wí kò yé mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n bí wọ́n bá ń fi ẹnu dídùn sọ fún ènìyàn pé ọjà rẹ̀ fẹ́ tú.

Mo fi Hesqel Shooker, ẹni tó ń dúńbú adìẹ fún ìjọ wa, ṣe alámòójútó ìwé yìí. Bí ó bá kọ̀, kí Lulu, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Calcutta, gba iṣẹ́ náà. Hesqel kò níí kọ̀.

1. Ní ti ara mi: kí wọ́n sin mí sí itẹ́ òkú wa, lẹ́bàá ògiri, ní ọjọ́ tí mo bá kú gan-an bí ilẹ̀ kò bá tíì ṣú, nínú aṣọ funfun lásán. Kí ẹnikẹ́ni má náwó sí òdòdó. Ààyè tó wà lápá ọ̀tún mi, mo ti sanwó rẹ̀ láti ọdún 1947. Kí a má sin ẹlòmíràn síbẹ̀.

Ó yẹ kí Lulu mọ ẹni tí mo fi ààyè náà pamọ́ fún, nítorí wọn kò tíì bí i nígbà náà. Ní ọdún 1942, tí àwọn ọmọ ogun Japan ń bọ̀, ẹsẹ̀ ni a fi rìn láti ìhín lọ sí Íńdíà. Ọkùnrin mẹ́wàá ló wà nínú ọ̀wọ́ tiwa. Láàárín àwa Júù, àyàfi kí ọkùnrin pé mẹ́wàá kí a tó lè gba àdúrà ìjọ, kí a tó lè ṣí Ìwé Òfin, kí ọmọ òkú tó lè gbàdúrà fún òkú rẹ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, ẹnu lásán ni wọ́n ń yà. Ibà dá bàbá arúgbó kan dúró sí orí òkè. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ tí àwọn ọkùnrin tò fún àdúrà ìrọ̀lẹ́, wọ́n rí i pé àwọn kò pé. Ọkọ mi sọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má tíì kà o! Mo ń lọ gbé e wá, kí á lè pé." Ó gun òkè náà padà nínú òjò. A dúró títí oúnjẹ fi tán. Òun àti arúgbó náà, kò sí èyí tó sọ̀kalẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tó rí òkú wọn.

2. Àwọn adìẹ mi àti àga onípaanu tó wà lójúde, mo fún Daw Tin Hla, aládùúgbò mi. Ẹlẹ́sìn Búdà ni, kì í pa ẹran. Ọkàn àwọn adìẹ náà yóò balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn.

3. Ìkòkò bàbà tí ìyá mi àgbà gbé wá láti Baghdad, mo fún Lulu. Kí ó má fi fọṣọ.

Ìkòkò yìí ni mo fi ń se oúnjẹ Ọjọ́ Ìsinmi fún sínágọ́gù wa: ìrẹsì àti adìẹ tí yóò wà lórí iná jẹ́jẹ́ láti ọjọ́ Jímọ̀ọ́, ẹyin lórí ìdérí rẹ̀ títí èèpo wọn yóò fi pọ́n bí awọ bàtà. Ẹyin kan fún ọkùnrin kan. N kì í se àsedànù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a ṣe ọdún tuntun wa ní 1967, Abboudi oníbàtà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Australia, ó sì ku ọkùnrin mẹ́sàn-án péré nínú ìjọ.

Ní àárọ̀ ọdún náà, kí wọ́n tó fun fèrè, Moshi Gubbay tí í ṣe olórí ìjọ ní kí wọ́n kà. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Dáfídì ọba ka ènìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn sì tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ la fi ń kà. Ẹsẹ kan wà nínú Sáàmù tó jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá ní èdè Hébérù. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀rọ̀ kan. Bí ẹsẹ bá parí, a ti pé nìyẹn. Mo wà lókè àjà níbi tí àwọn obìnrin ń jókòó, mo ń yọjú láti inú fèrèsé oníhò. Gbogbo wọn ti fi ìborùn àdúrà bo orí. Ọ̀rọ̀ ń ti ẹnu bọ́ sí ẹnu. Hesqel ló kẹ́yìn. Ó mú ìkẹsàn-án, tó túmọ̀ sí "títí". Mo ti ń pa ìwé àdúrà mi dé kí n máa relé. Ohùn kan sì dáhùn lẹ́yìn Hesqel pé, "ayérayé."

Moshi kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ó pé. Ẹ fun fèrè."

Ní Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ohùn náà tún dáhùn. Nítorí mẹ́wàá ni wọ́n kà, ẹyin mẹ́wàá ni mo gbé kalẹ̀. Ọ̀kan ṣẹ́kù. Hesqel wò ó, ó ní, "Ìyàwó, ọkùnrin yìí ń gbàdúrà, kò sì ń jẹun. Irú wọn ló yẹ kó pọ̀ nínú ìjọ." Láti ọjọ́ ìgbéyàwó mi ló ti ń pè mí ní Ìyàwó, nítorí ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni. Kò pe orúkọ mi rí. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ẹyin náà padà sínú ìkòkò. Mo ti mọ ohùn náà. Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ọ lórí ìrọ̀rí mi.

4. Àwọn ọparun tí a fi ń pa àgọ́ nígbà Àjọ Àgọ́, àti àwọn ẹní tí a ń jókòó lé jẹun nínú rẹ̀, kí wọ́n wà ní sínágọ́gù. Bí sínágọ́gù kò bá sí mọ́, kí Daw Tin Hla fi kọ́ ilé adìẹ.

Ní àjọ ọdún yẹn, òjò wọ inú ọbẹ̀ wa. Nígbà tí mo ń ká àwọn ẹní, gbogbo wọn ló tutù rin-in-rin, àfi ọ̀kan tó gbẹ ní àárín, ní ìwọ̀n ibi tí ènìyàn kan lè jókòó sí. N kò fi han ẹnikẹ́ni. Mo ká a mọ́ àwọn yòókù.

5. Irin pẹlẹbẹ tí mo fi ń yan àkàrà aláìwú, àti odó tí mo fi ń gún èso dàbínù, kí obìnrin èyíkéyìí tó bá ṣì kù nínú wa, yàtọ̀ sí Ramah Hayeem tó jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, mú wọn. Bí kò bá sí ẹnìkan, kí a tà wọ́n, kí a má gba owó yẹpẹrẹ.

Ní Ìrékọjá, àṣà wa ni pé kí ọmọ ilé kan gbé àkàrà aláìwú kọ́ èjìká bí arìnrìn-àjò, kí ó lọ síta kan ilẹ̀kùn. Àwọn tó wà nínú ilé á bi í pé níbo ló ti ń bọ̀. Á ní òun ń bọ̀ láti Íjíbítì. Kò sí ọmọdé kankan nínú wa mọ́, nítorí náà Hesqel ni a rán jáde, òun pẹ̀lú ewú orí rẹ̀. A gbọ́ ìró ìkànkùn. Moshi fi ohùn eré pariwo pé, "Ta nìyẹn? Níbo lo ti ń bọ̀?" Ìdáhùn wá láti orí àtẹ̀gùn pé, "Láti orí òkè."

Hesqel ṣílẹ̀kùn wọlé, ojú rẹ̀ ti funfun bí àkàrà tó gbé. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, èmi kọ́ o. N kò tíì lanu." Kò sí ẹni tó parí oúnjẹ rẹ̀. Èmi nìkan ló dìde láti lọ ṣí ilẹ̀kùn náà gbayawu, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

6. Tìmùtìmù bàbá mi, mo fún Moshi Gubbay. Bóyá bí ìdí rẹ̀ bá rọ̀, ọkàn rẹ̀ yóò rọ̀ pẹ̀lú.

Kí a má sọ pé mo kórìíra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló wà láàárín wa. Ní 1946, nígbà tí a ti padà sí Rangoon, Hesqel ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo lọ bá àwọn àgbà pé kí wọ́n tú mi sílẹ̀, pé ọkọ mi ti kú. Moshi ní, "Aya kì í ṣe ẹlẹ́rìí ikú ọkọ rẹ̀ nígbà ogun. Ìbẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe ojú." Láti ọjọ́ náà, n kò jẹ́ opó, n kò sì jẹ́ abilékọ. N kò lè fẹ́ ẹlòmíràn. N kò tilẹ̀ lè gbé fìtílà Sasson kọ́ sínágọ́gù láàárín àwọn yòókù, nítorí òkú nìkan là ń tan fìtílà fún. Èmi tí mo ń bu òróró sí fìtílà gbogbo òkú ìlú yìí!

Nígbà tó di ààwẹ̀ oṣù Àbù, tí a ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ̀fọ̀ Tẹ́ḿpìlì wa tí àwọn ọ̀tá wó láyé àtijọ́, Moshi ránṣẹ́ pè mí wá sí ìsàlẹ̀ níwájú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ó ní, "Ìyá, etí mi kò di. Àdúrà tí òkú bá wa pé, àdúrà kọ́ ni. Bí ohùn yẹn bá jẹ́ ti ọkọ rẹ, sọ ọ́ lónìí. A ó gbà pé ó ti kú, a ó tú ọ sílẹ̀, wàá fẹ́ ẹni tó wù ọ́. A ó sì ti ilẹ̀kùn yìí pa, nítorí a kò pé."

Mo wo Hesqel. Ògiri ló kọjú sí. Mo wo àwọn fìtílà tó wà lókè orí wọn, ti bàbá mi, ti ìyá mi, ti àwọn tí kò ní ọmọ kankan láyé mọ́. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ta ni yóò máa gbàdúrà fún wọn?

Mo ní, "Bàbá Moshi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé aya kì í ṣe ẹlẹ́rìí nígbà ogun. Ẹ̀rí tí kò tó gbà mí lọ́jọ́ náà, ṣé ó wá tó láti ti ilé Ọlọ́run pa lónìí?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín díẹ̀ lẹ́yìn, mo sì rò pé Hesqel ni, àfi ìgbà tí mo rí ojú rẹ̀ tí kò sí ẹ̀rín níbẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó bá mi dé ìdí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Ìyàwó, ẹjọ́ tí o dá yẹn dára púpọ̀. Èmi lo dá lẹ́bi níbẹ̀." Ó gbé agbòòrùn rẹ̀, ó lọ.

7. Ẹ̀gbà ọwọ́ mi méjèèjì tí wọ́n jẹ́ wúrà, kí a tà wọ́n lọ́jọ́ tí sínágọ́gù bá tì, kí a fi owó rẹ̀ kó àwọn Ìwé Òfin lọ sí Calcutta fún ìjọ Lulu. Kí Hesqel má gba iye tí alágbẹ̀dẹ wúrà bá kọ́kọ́ pè.

8. Ìborùn àdúrà ọkọ mi, tí mo gbà nínú ẹrù tó sọ sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, mo fún Hesqel Shooker, pẹ̀lú òkúta ìpọ́nbẹ tí bàbá mi lò.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ tó ṣáájú Ọjọ́ Ètùtù, a máa ń fi àkùkọ yí orí ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ká kí Hesqel tó dúńbú rẹ̀, kí ẹ̀ṣẹ̀ ọdún lè bá a lọ. Alààyè nìkan là ń ṣe é fún. Àkùkọ mẹ́sàn-án ni mo rà. Hesqel dé pẹ̀lú ọ̀kan lábíyá. Mo ní, "Ti ta nìyẹn?" Ó ní, "Ti ọkọ rẹ ni. Ó ti bá wa jọ́sìn láti ọdún dé ọdún, ṣé kó wá ru ẹ̀ṣẹ̀ wọ ọdún tuntun ni?" Mo ní, "Hesqel, alààyè mà là ń ṣe é fún." Kò wò mí. Ó ń fi èékánná dán ojú ọ̀bẹ wò bóyá ó ní eyín. Ó ní, "Mo mọ iṣẹ́ mi, Ìyàwó." Ó fi àkùkọ náà yí orí àga òfìfo kan ká, ó sì gba àdúrà rẹ̀ pé. Ọkùnrin tó ti dúró dè mí láti 1946 ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọkọ mi di alààyè, kí àwọn fìtílà òkú wa má baà kú.

9. Fìtílà onígíláàsì kan wà nínú àpótí mi, mo fi òwú dì í. Kò sí orúkọ lára rẹ̀. Ti Sasson ni.

Ohùn náà ṣì ń dáhùn títí di ọ̀sẹ̀ yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú mi, kí àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pé jọ, kí wọ́n kà bí wọ́n ti ń kà. Nígbà tí Hesqel bá mú ọ̀rọ̀ tirẹ̀, kí wọ́n dúró díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má bojú wẹ̀yìn.

Bí ohùn bá dáhùn, ẹ gba àdúrà yín, ẹ jẹ́ kí fìtílà náà wà nínú òwú.

Bí kò bá sí ìdáhùn, a jẹ́ pé mo ti gun òkè náà, mo sì ti bá a níbẹ̀. Obìnrin ni mí, a kì í kà mí mọ́ mẹ́wàá, kò sí ẹni tó ń dúró dè mí ní ìsàlẹ̀. Mo lè rọra rìn. Nígbà náà, kí ìwé yìí jẹ́ ẹ̀rí mi, ẹ̀rí aya, ogun sì ti parí: Sasson Manasseh ti kú. Kí Hesqel tan fìtílà rẹ̀, kí ó fi iná rẹ̀ tan tèmi. Kí wọ́n kó Ìwé Òfin jáde, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Hesqel, bí o bá ti ilẹ̀kùn tán, n kì í ṣe ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Dúró lójúde, pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan kí o tó relé.

Mo fọwọ́ sí i ní Rangoon, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejì, ọdún 1969, níṣojú àwọn ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín kankan nínú ogún yìí.

Farha Twena Manasseh

Ẹlẹ́rìí: U Ba Shwe, aránṣọ, ìsàlẹ̀ ilé
Ẹlẹ́rìí: Ramah Hayeem, tí a jọ ń jókòó ní òkè àjà