Mo Sọ Súwíìṣì Tuntun Lórúkọ Èyí Tó Kú, Bàbá Púlọ́ńbà Ló Ń Jẹ̀bi Ẹ̀

Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Bàbá àgbàlagbà kan ń di ẹrù láti kúrò l'Ékòó ní Sátidé tó ń bọ̀ yìí, nítorí ohun tí gbogbo ilé gbà pé ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la mọ̀, mo sì ti dákẹ́ láti ọjọ́ Àìkú… Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, torí àlàyé yẹn gan-an ni n ò lè rí ẹnì kan ṣe fún nínú ilé.

Sùúrùlérè là ń gbé, ilé onífúláàtì mẹ́fà. Màmá onílé, opó ni wọ́n, àwọn ló wà nísàlẹ̀ lẹ́yìn, táǹkì omi gbogbo ilé sì wà lórí dẹ́kìn tó bo yàrá wọn. Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó débẹ̀, ojoojúmọ́ ni ìjà omi. Iná á dé, ẹni tó yẹ kó tan pọ́ǹpù á ti lọ síbi iṣẹ́, iná á tún lọ, omi ò ní sí. Mi ò kọ́ iṣẹ́ iná nílé ìwé o, àmọ́ mo fẹ́ràn smart home, kí nǹkan ilé máa dá ṣiṣẹ́ fúnra wọn, bí àwọn míì ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mo bẹ Màmá, mo so smart súwíìṣì mọ́ pọ́ǹpù, mo fi sẹ́ńsọ̀ tó ń wo ibi tí omi dé sínú táǹkì, mo wá gbé àpótí kékeré kan tó jẹ́ ọpọlọ gbogbo ẹ̀ sí pálọ̀ mi. Automation mẹ́rìnlá ni mo kọ. Tí iná bá dé tí omi sì ti lọ sílẹ̀, pọ́ǹpù á tan fúnra ẹ̀. Tí omi bá kún, á kú. Tó bá jẹ́ àsìkò tí Màmá ń sun oorun ọ̀sán, kò ní tan rárá kí ariwo ẹ̀ má baà jí wọn. Ó lé lọ́dún kan tí ẹnikẹ́ni ò jà nítorí omi mọ́, wọ́n ń pè mí ní Enjinníà. Àmọ́ Màmá ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bá ba nǹkan jẹ́ nílé ọkọ àwọn, èmi àti ẹ̀ la jọ máa kó jáde.

Ní Wẹ́sìdé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, iná kan dé tó lágbára jù, ó pa súwíìṣì yẹn, iná náà sì lọ. Ọjọ́ kejì, Bàbá Àlàmú wá tún ojú páìpù kan tó ń jò nídìí táǹkì ṣe. Bàbá Àlàmú ni púlọ́ńbà ilé wa, ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti ń ṣe omi ilé yìí láti ìgbà tí ọkọ Màmá ti wà láyé. Èmi lọ sí Yábàá lọ́jọ́ Ẹtì, irú súwíìṣì tẹ́lẹ̀ ti tán, mo ra ti ilé iṣẹ́ míì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ mọ ibi tó ti ń dunni: automation mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló ń wá súwíìṣì kan ṣoṣo. Ṣé kí n wá jókòó tún gbogbo ẹ̀ kọ ni? Láéláé. Ọgbọ́n kan wà. Orúkọ ni automation ń wá, kì í wo ojú. Nígbà tí iná dé ní Sátidé, mo yí orúkọ èyí tó kú padà nínú áàpù, mo sì fún tuntun ní orúkọ tí òkú ń jẹ́, lẹ́tà kan ò yàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án péré. Mo fi fóònù tan án lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó ń jẹ́ mi lóhùn. Pọ́ǹpù pọn omi, táǹkì kún, ó sì kú fúnra ẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò ẹ̀ sí status.

Ohun kan ṣoṣo ni n ò dán wò… ohun tí tuntun máa ṣe tí iná bá lọ tó sì padà dé. Ti tẹ́lẹ̀, tí iná bá dé, pípa ló máa wà, á dúró de àṣẹ. Láti mọ ti tuntun, àfi kí n pa iná gbogbo ilé nídìí mítà, torí pọ́ǹpù ò ní ibi tí wọ́n ti ń pa á lọ́tọ̀. Ẹ wò ó, iná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta! Gbogbo fúláàtì ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, fírísà gbogbo ilé ń dún. Ta ló máa fọwọ́ ara ẹ̀ pa irú iná bẹ́ẹ̀? Tí kò bá padà ńkọ́? Ọwọ́ mi dé ìdí mítà, mo sì gbé e kúrò.

Ọjọ́ Àìkú, gbogbo wa wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iná lọ, ó tún dé. Àpótí tó wà ní pálọ̀ mi máa ń gbà tó ìṣẹ́jú méjì kó tó jí. Kó tó jí, súwíìṣì tuntun ti tan pọ́ǹpù fúnra ẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ṣètò ẹ̀ wá láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Automation mi ní kó pa á nígbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún. Omi sì ti kún láti Sátidé! Kò sí ohun tó yí padà, nítorí náà kò sí ohun tó pa á. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tó fi ń da omi sórí dẹ́kìn. Nígbà tí a máa fi padà, iná ti tún lọ, pọ́ǹpù ti dákẹ́, àjà yàrá Màmá ti já sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, fọ́tò ọkọ wọn tó wà lára ògiri ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ojú bàbá ti parẹ́. Màmá kàn ń fi ìdí ìró nu gíláàsì yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo ilé ń sọ: páìpù tí Bàbá Àlàmú ṣe lọ́jọ́bọ̀ ló ṣí. Èmi ti wo log, àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ yẹn ṣe, nínú fóònù mi, mo ti rí gbogbo ẹ̀, ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Mo gbé fóònù sápò. Màmá gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé lọ́wọ́ bàbá, wọ́n ní kí bàbá lọ sinmi, pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n. Ìyàwó mi ní kí n ní sùúrù, oyún inú òun ti wọ oṣù kẹsàn-án, ibo la fẹ́ kó lọ báyìí? Mo yáa rọra lọ tún súwíìṣì yẹn ṣètò kó máa wà ní pípa tí iná bá dé, ìtẹ̀ kan ṣoṣo ni nínú áàpù… ìtẹ̀ kan! Látìgbà yẹn omi ń lọ geere, àwọn ará ilé wá ń sọ pé ẹ ò rí i, látìgbà tí bàbá yẹn ti fibí sílẹ̀, wàhálà ti tán.

A máa ń sọ ọmọ ní Babátúndé, àmọ́ a kì í fa iṣẹ́ bàbá àgbà lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìkómọ. Kí ló dé tí n ò ronú ẹ̀?

Àná ni bàbá wá bá mi. Wọ́n ní ọmọ àwọn ń bọ̀ wá kó àwọn lọ sílé ní Sátidé, àmọ́ ọkàn àwọn ò balẹ̀, àwọn ti di ojú páìpù yẹn pátápátá, àwọn tún fi ọwọ́ wò ó. Wọ́n jókòó sórí àga mi, wọ́n ní: “Enjinníà, bá mi wò ó nínú fóònù ẹ yẹn. Níbo gan-an ni mo ti ṣì í ṣe?”

Mo ní màá wò ó.

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n lọ bá Màmá lónìí, kí wọ́n lé èmi àti aláboyún jáde? Ṣé kí n sọ fún bàbá nìkan, kí n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá mi bò ó? Ìyẹn ò ha burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Ẹ má sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti dán an wò, mo ti mọ ìyẹn. Ọ̀la tí í ṣe ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní àwọn máa padà wá gbọ́ èsì… kí ni kí n sọ fún wọn?