Ẹ̀yìn Ọmọ Mi Kì í Ṣe fún Háyà

Ilé Abọ́dúndé,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Júùnù, 1976.

Mobọ́lá Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara Gbádé ọkọ rẹ le? Ẹ kú òjò, ẹ kú ìdúró dè mọ́tò lówùúrọ̀, Ọlọ́run tó gbé yín dé Surulere kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Àwa náà ń bẹ. Orúnkún bàbá rẹ ti rọ̀ díẹ̀, ewúrẹ́ mi tó dúdú ti bí méjì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín tí mi ò kọ̀wé, nítorí inú ń bí mi. Kì í tún ṣe inú bíbí nìkan. Owú ni. Mo gbàdúrà sí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lọ, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síwèé, bóyá yóò gba ibẹ̀ jáde. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, nítorí náà má fi lẹ́tà mi ṣe yẹ̀yẹ́.

O mọ̀ pé gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún pé mò ń lọ wo Mobọ́lá. Mo wọ mọ́tò dé Òṣogbo, mo wọ rélùwéè níbẹ̀, mo gbé adìyẹ méjì lé ẹsẹ̀ títí dé Ìdó. Mo bọ́ sílẹ̀, mò ń wá ojú rẹ, Gbádé nìkan ni mo rí. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun tó fi ń ṣiṣẹ́, ó ní ẹ má bínú, Màmá, àlejò ló dé bá Mobọ́lá, ó di ọjọ́ Ajé kó tó wọlé. Mo ní àlejò wo? Èmi kì í ṣe àlejò ni? Ó wá ṣàlàyé pé Màdáàmù Ethel, ọ̀gá rẹ ní Yábàá, ní ilé kan létí òkun, pé àwọn ènìyàn máa ń háyà rẹ̀ láti sinmi, ìwọ lo sì ń tọ́jú wọn. Mo ní kí ni wọ́n ṣe tó rẹ̀ wọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ó gba adìyẹ lọ́wọ́ mi, ó ṣíwájú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí ìwé kan lórí tábìlì yín tí wọ́n fi taipu tẹ̀. Gbádé ní ìwé tí àwọn àlejò ilé etí òkun fi ń sọ bí wọ́n ṣe gbádùn ni. Mo ní kó fi Yorùbá kà á fún mi. Ó ní wọ́n ń bi àlejò pé ṣé bẹ́ẹ̀dì rọ̀? Ṣé omi ìwẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́? Ṣé ibi tí ojú ń wò dára? Ṣé ará ilé tọ́jú yín? Kí ni ẹ tún fẹ́? Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, o kò bi mí ní ọ̀kan rí nínú ìbéèrè wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n mo rò ó pé nígbà tó jẹ́ ilé rẹ ni mo ti bá ìwé náà, tí èmi náà sì jẹ́ àlejò, a jẹ́ pé tèmi ni. Bí Gbádé ṣe lọ síbi iṣẹ́ ní Èbúté Mẹ́ta, mo mú bírò, mo dáhùn. Mo ní bẹ́ẹ̀dì rọ̀, ṣùgbọ́n èmi nìkan ló wà lórí rẹ̀. Mo ní omi tutù, mi ò wí nǹkan kan. Mo ní gọ́tà ni ojú ń wò. Mo ní ará ilé kò sí nílé. Níbi tí wọ́n ti ní kí ni ẹ tún fẹ́, mo kọ ọ́ pé ọmọbìnrin tó yẹ kó tọ́jú wa.

Èmi kò mọ̀ pé Gbádé yóò kó o pọ̀ mọ́ àwọn ìwé àlejò tó máa ń bá ọ mú lọ fún Màdáàmù. Ìwọ náà lo sọ fún mi bí Màdáàmù ṣe pè ọ́ lọ́jọ́ Ajé, tó ní àlejò wo ló dé tí kò bá ọ nílé, tó ní kí o kó ẹrù rẹ, kí o máa lọ. O wo ìwé náà, o kúnlẹ̀, o ní ìyá mi ló kọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí o mú mi wá sí ilé etí òkun náà lọ́jọ́bọ̀, kí èmi náà rí òkun. Mo yọ̀. Kò sí owú lára mi lọ́jọ́ náà títí a fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Mo rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí o lọ̀ títí ó fi ń dán. Mo rí bí o ṣe ń bó ọsàn fún àwọn àlejò. Ọkọ àti ìyàwó tó háyà ilé náà sùn sórí iyanrìn nínú oòrùn, oòrùn tí àwa ń sá fún lóko, wọ́n fowó rà á. Wọ́n ń pè ọ́ ní Mobọ́lá, Mobọ́lá, bí ẹni pé àwọn ló sọ ọ́ lórúkọ. Mo ń mú un mọ́ra. Ṣùgbọ́n mo wọlé lọ fọ ẹsẹ̀, nígbà tí mo jáde, ọmọ ọwọ́ wọn wà lẹ́yìn rẹ, ó ti sùn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ jókòó, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣeré nínú omi. Mo lọ bá ọ, mo tú aṣọ, mo gbé ọmọ náà lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, mo ní ẹ̀yìn ọmọ mi kì í ṣe fún háyà. Ọmọ náà figbe ta. Ìyá rẹ̀ ní ẹ má bínú, Màmá. O tún ìró rẹ ró, o wọ kíṣìnnì lọ. O kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Surulere. Ọjọ́ kejì, o gbé ẹrù mi dé Ìdó, o kúnlẹ̀, o ní ó dàbọ̀, Màmá. Ó parí.

Àná ni lẹ́tà Gbádé dé. Ó ní obìnrin náà kò ní kí o pọn ọmọ òun. Ó ní ìwọ lo bẹ̀ ẹ́. Ó ní obìnrin náà sọ fún ọ pé ọmọ náà wúwo, o ní kò wúwo. Ó ní ọdún karùn-ún tí ẹ ti fẹ́ra yín rèé, ọmọ kò tíì dé, gbogbo àlejò tó bá gbé ọmọ ọwọ́ dé ni o máa ń bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí o fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo kà á, mo tún un kà. Ọbẹ̀ jóná lórí iná, bàbá rẹ ń pè mí, mi ò gbọ́. Ìyẹn ni pé ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi já ọmọ kúrò lẹ́yìn rẹ.

Dárí jì mí, Àṣàkẹ́. Mi ò ní purọ́, owú náà ṣì wà, mi ò fẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè ọ́ yẹn. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra awò ojú, àwọn lẹ́tà yìí ń pò mọ́ra wọn. Sùnmọ́nù onímọ́tò yóò bá mi gbé páálí kan wá fún ọ. Gàrí ló wà lókè, ọ̀já tí mo fi pọ̀n ọ́ ló wà nísàlẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí létí, ṣùgbọ́n kò já. Ọmọ ẹnikẹ́ni tó bá dé, fi pọ̀n ọ́n.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ. Ẹ̀yìn rẹ kò ní ṣófo.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àríkẹ́ Abọ́dúndé.