Ẹ̀pà Mẹ́rin

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta 2025
Oṣù karùn-ún rèé tí mò ń lá ọ̀tá mi láràárọ̀. Lúbúlúbú ẹ̀pà, tó tó hóró kan, nínú ògì. Láti kékeré ni ara mi ò ti gba ẹ̀pà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí tí mo jẹ ẹ́, tí ọ̀fun mi dí, díẹ̀ ló kù kí n lọ. Ní báyìí mo ti ríṣẹ́ sí Èkó, lẹ́yìn Àjíǹde ni n ó wọlé. Dádì ní irọ́ ni, àfi bí mo bá jẹ ẹ̀pà mẹ́rin lójú dókítà tí n ò kú. Ó dáa. Màá jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Ìyá Àgbà, ìyá Dádì, tún bẹ̀rẹ̀. Èèwọ̀ ilé wa ni ẹ̀pà. Ìyá òun ò jẹ ẹ́, òun ò jẹ ẹ́, ṣé èmi ni mo wá gbọ́n jù? Bẹ́ẹ̀ ni mà. Èmi ni. (N ò sọ ọ́ síta o.)

Dókítà Olúlékè l'Ákùúrẹ́ ló là mí lóye. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi tó jẹ́ oníjà: wọ́n rí ẹ̀pà, wọ́n pè é lólè, wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ dáná sun gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tó ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Díẹ̀díẹ̀ tí mò ń jẹ yìí ló ń kọ́ àwọn yẹn níṣẹ́. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ — Ẹgbẹ́ Onílàjà.

Ọjọ́bọ̀, 6
Ètè kàn yún mi díẹ̀. Ẹ̀pà, o ò tíì rí nǹkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ èyí. Àwa ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì gun òkè láàárọ̀. Aago méje ni mo lo ẹ̀pà mi, aago méje ààbọ̀ a ti wà lórí àtẹ̀gùn. Dókítà ní kí n má sáré, kí n má ṣiṣẹ́ agbára fún wákàtí méjì tí mo bá ti lò ó. Mi ò sáré! Òkè ni mo gùn. Ta ló ń pe òkè gígùn ní iṣẹ́ agbára n'Ídànrè? Orí ẹ̀ la ti ṣẹ̀ wá.

Ká tó dé ibi ìsinmi kejì, ara mi ti lé, ojú wú, èémí ò wọlé dáadáa. Ṣèyífúnmi ọ̀rẹ́ mi ló yọ abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tí dókítà fún mi nínú báàgì mi, ó gún mi nítan, òun gan-an ń sunkún. Wọ́n pọ̀n mí sọ̀kalẹ̀, ó di ọsibítù. Ẹ̀rù bà mí. Ibí nìkan ni mo kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ìyá Àgbà: "Mo wí i!" Dádì da gbogbo lúbúlúbú náà sí ṣalángá. Ó ní ó parí, Èkó náà parí. Mi ò bá a jiyàn.

Ọjọ́ Ajé, 10
Mo bá a jiyàn. Mo pe dókítà, mo fi í sórí sípíkà níwájú Dádì. Dókítà bínú, ó tún rẹ́rìn-ín — òun ò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ dárúkọ òkè fún ọmọ Ìdànrè. Ó ní tí ara bá gbóná, tí ọkàn ń sáré, àwọn oníjà á ti gbéra kí onílàjà tó dé. Ká padà sí ìdajì. Dádì ní: "Ìwọ ọmọ yìí, orí kunkun rẹ!" Ó mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó di Àkúrẹ́ láti lọ gba lúbúlúbú mìíràn.

Ọjọ́rú, 19
Ìdajì. Mo jókòó wákàtí méjì bí ìyàwó tuntun.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Oṣù Kẹrin
Hóró kan. Onílàjà, ẹ ṣé.

Ọjọ́rú, 16
Àkúrẹ́. Dókítà, nọ́ọ̀sì, Dádì tòun ti Bíbélì. Hóró kan — a dúró. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Ẹ̀kẹrin. Wákàtí méjì. Kò sí nǹkan. Kò sí nǹkan! Dádì jáde, ó pẹ́ kó tó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Dókítà ní mi ò tíì bọ́ pátápátá: ojoojúmọ́ ni n ó máa lò ó, abẹ́rẹ́ ò sì gbọdọ̀ kúrò nínú báàgì. Mo gbà. Èkó, mò ń bọ̀.

Mo délé, mo sọ fún Ìyá Àgbà. Nígbà tó yá, ó ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun tọ́ ẹ̀pà wò rí, nígbà tí òun wà lọ́mọge ní Atosin. Ọ̀fun òun dí. Ìyá òun ló ní kí òun máa pè é ní èèwọ̀ bí ìyá náà ti ń pè é, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi tipá fún òun jẹ mọ́. Ọgọ́ta ọdún ni òun ti ń gbóòórùn ẹ̀pà sísun láàdúgbò yìí. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

"Dókítà rẹ yẹn, ṣé ó ń gba arúgbó?"