Ìwé Tẹ́ Ẹ Fọwọ́ Sí Lórí Ọ̀gá Yín

Ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le koko bí ọta? Ṣé o ń jẹun, àbí kòókòó jàn-ánjàn-án ìlú ńlá ò jẹ́ kó o ráyè? Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ, ọ̀nà tó o bá gbà lọ ní àlàáfíà ni wàá gbà bọ̀, àmín. Àwa náà wà, ìyá rẹ wà, àfi orúnkún rẹ̀ tó ń kéde òjò kí òjò tó dé. Èmi baba rẹ ni ara mi ò lélẹ̀. Látàná tó o ti pè mí ni abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lórí ṣòkòtò kan ṣoṣo.

O ní ó ti rẹ̀ ọ́, o ní òṣèlú ọ́fíìsì yín ti pọ̀ jù. Háà! Òṣèlú kẹ̀? Ṣé iṣẹ́ akọ̀wé lo lọ ṣe ni àbí ìbò? Ṣé o ti gbàgbé àbúrò mi tó du kánsẹ́lọ̀? Ó ta oko, ó ta kẹ̀kẹ́, ìbò mẹ́ta péré ló rí: tiẹ̀, tèmi, àti ti ìyàwó rẹ̀ kan. Ìyàwó méjì ló sì ní. Títí dòní a ò mọ èyí tí ò dìbò fún un nínú wọn, kò sì lè fọkàn balẹ̀ jẹun tọwọ́ ìkankan mọ́.

O tún wá ní ẹ̀yin mẹ́rin ti fọwọ́ sí ìwé lórí ọ̀gá yín, pé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣe, àwọn tó ń bá a gbé báàgì ló ń gba ìyìn rẹ̀, pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè lẹ máa gbé ìwé náà lọ sókè, kò sì tíì mọ̀. Òkè wo? Ṣebí ìwọ náà lo sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ yín ò ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì?

Wò ó, ọmọ mi, èmi náà ń ṣiṣẹ́ láàárín èèyàn. Nínú ẹgbẹ́ télọ̀ wa, èmi ni mò ń gbé àga alága wọ ìpàdé, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tó bá dápàárá, kódà tí àpárá náà ò bá dùn. Ọ̀fẹ́ ni mo rán ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí iṣẹ́ aṣọ ilé-ìwé dé, ta ni wọ́n gbé e fún? Èmi ni. Àwọn aláìmoore ń pè mí ní Agbága lẹ́yìn mi. Ṣé òṣèlú wá nìyẹn? Ìwà ọmọlúàbí ni! Ẹnì kan nínú wa dìde, ó ní kí alága wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Wọ́n lé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́, ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀rọ ìránṣọ tiẹ̀ wà báyìí, tí òjò ń pa á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pè ọ́ padà láàárọ̀ yìí, kí n kìlọ̀ fún ọ. Obìnrin kan ló gbé fóònù rẹ, ó ní mi ò lè rí ọ bá sọ̀rọ̀ báyìí. Mo kí i, kò dáhùn. Mo bi í pé ta ló rán an, òyìnbó ló tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ni mo bá mọ̀ pé àwọn alátakò yín ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ṣebí ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù? Mo wá nọ́ńbà ọ̀gá yín jáde, èyí tó o fi pè mí lọ́jọ́ tí fóònù rẹ kú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù kí n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí mi. Mo ní kó ṣàánú wa, pé ọmọdé ló ń ṣe ọ́, kó jọ̀wọ́ bá mi fa ìwé yẹn ya kó tó di Mọ́ńdè.

Ọ̀gá yín wá ń pè mí ní Dádì, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú. Ó ní ìwé wo, Dádì? Mo ṣàlàyé. Ó ní àwọn wo ló tún fọwọ́ sí i? Mi ò mọ orúkọ wọn, ṣùgbọ́n mo júwe wọn bó o ṣe máa ń júwe wọn fún wa: obìnrin tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ọkùnrin onígíláàsì, àti ìyá ìbejì tó ń tọ́jú fáìlì. Orúkọ tìrẹ ni mo kọ́kọ́ dá, kó lè mọ̀ pé ilé wa ò fi nǹkan pamọ́. Ohun kan ló kàn ń kọ mí lóminú, mò ń gbọ́ bó ṣe ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Mo sọ fún ìyá rẹ, mo rò pé á yìn mí. Ó káwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀ di báyìí. Ṣé mo ṣì í ṣe ni? Jọ̀wọ́, dá mi lóhùn kíákíá.

Aṣọ búlúù tí mo rán fún ọ wà lọ́wọ́ dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá. Wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, torí ọ̀gá yín ní kó o kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ òun kó o tó jókòó. Má bá a jiyàn. Bá a gbé báàgì. Fi owó káàdì fóònù ránṣẹ́ sí mi, torí ó ní kí n máa pe òun tí mo bá tún gbọ́ nǹkan, kó o sì fi owó àgbo orúnkún ìyá rẹ lé e, bóyá á fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á gbé ọ ga, iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ojú ò ní tì wá lórí rẹ. Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀gá yín fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ kó tó gé fóònù: ó ní oore tí mo ṣe òun yìí, ìwọ lòun máa san án fún.

Èmi ni, baba rẹ tó ń gbàdúrà fún ọ nídìí ẹ̀rọ.