Ìbéèrè Tí Mo Kọ Fún Orílẹ̀-Èdè Mẹ́ta

Yaba, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹta, 1992

Mo borí lónìí. Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi.

Fọ́ọ̀mù kan náà la fi ń wádìí bí òṣì àti ọrọ̀ ṣe pọ̀ tó ní Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: "Eélòó ni owó oṣù yín?" Lánàá ní Mushin, aránṣọ kan, Ìyá Risi, fi mí rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ta ni yóò san owó oṣù fún mi? Mo ń ránṣọ, a sì ń jẹun." Òdo ni mo kọ fún un. Akọ̀wé tó ń gbé yàrá kejì, tí wọn ò tíì sanwó fún láti oṣù mẹ́ta, tó jẹ́ pé Ìyá Risi ló ń bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, òun ni fọ́ọ̀mù wa pè ní olówó.

Mo sọ ọ́ nípàdé tí àwa ará orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣe lónìí. Ọ̀gá wa ní, "Tá a bá yí i padà, a ò ní lè fi ara wa wé àwọn yòókù."

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Irọ́ la kàn ń fi wé irọ́. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n ní ohun tí ilé wọn jẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Obìnrin tó wá láti Gánà ní ohun kan náà ló ń da àwọn láàmú.

Ọ̀gá wá ti bébà sọ́dọ̀ mi. "Kọ ìbéèrè náà. Gbogbo wa la máa lò ó."

Yorùbá ni mo fi kọ ọ́. Àwọn yòókù ló máa túmọ̀ rẹ̀.