Òjìji Funfun fún Àbíkẹ́

Ojúlé Alhaji Gbàdàmọ́sí,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ọ̀kọ́kọ́máíkò,
Èkó.
23 Oṣù Kọkànlá, 1993.

Àbíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ẹni tí o gbé sínú. N kò béèrè bóyá ara rẹ le, nítorí mo ti gbọ́ pé kò le. Kí Ọlọ́run pa ẹ̀mí yín méjèèjì mọ́ títí lẹ́tà yìí yóò fi dé ọwọ́ rẹ. Bí ojú rẹ kò bá gbé e, jẹ́ kí Àdùkẹ́ tó mú un wá kà á sí ọ létí. Ilé àgbẹ̀bí ìjọ aláṣọ funfun yín ní Ìbà, tí o wà yẹn, náà ni òun bímọ sí láìpẹ́ yìí, òun ló sì wá sọ bí o ti wà fún mi.

Ó ní ẹsẹ̀ rẹ wú, orí ń fọ́ ọ, o sì béèrè lọ́sàn-án gangan pé ta ló pa iná. Àbíkẹ́, kò sẹ́ni tó pa iná. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ wa ní ìmọ̀ ìlera ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sọ pé aboyún tí ara rẹ̀ wú, tí orí ń fọ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Ìyókù lẹ́tà yìí, bí mo ti ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ ni.

O mọ̀ pé káàdì ìkíni tí mo ṣe fún ọ ni wọ́n torí rẹ̀ tì mí síta. Ọjọ́ tí mo ní kí o jókòó ti ògiri, tí oòrùn ojú fèrèsé gbé òjìji ìwọ àti ikùn rẹ sára rẹ̀, mo fi pẹ́ńsùlù tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì tún un yà ní kékeré. Mo gba àlòkù tíúbù táyà lọ́wọ́ fọ́kanáísà kan ní Ìyànà Ìbà. Ó ní, "Màmá, ṣé bébà yín ló ń jò ni?" Mo gé òjìji náà lára tíúbù, mo yí ojú rẹ̀ sódì, nítorí ohun tó bá kọjú sọ́tùn-ún lára òǹtẹ̀, òsì ni yóò kọjú sí lórí káàdì. Mo fi súlúṣọ̀n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó. Òjìji kò ní ojú, kò ní ẹnu; ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan la fi ń mọ ẹni tó ni ín. Nítorí náà a kì í ri òǹtẹ̀ bọ yíǹkì. Fóòmù tí yíǹkì wà lára rẹ̀ la ń fi tẹ̀ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, a ó gbé e lé bébà lẹ́ẹ̀kan, a kò ní mì ín. Ó mọ́ lójú mi. Yíǹkì dúdú ni.

Ìyá ọkọ rẹ ni káàdì náà kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́. Yíǹkì ni èmi rí. Àwọn tí kì í wọ dúdú, ọ̀fọ̀ ni wọ́n rí. Wọ́n gbé e padà fún mi lẹ́nu géètì ilé àgbẹ̀bí. "Ìyá Tísà, òkú là ń yà báyìí. Ṣé ọmọ yín ti kú ni?" Wọ́n ní kí n má yọjú mọ́ títí o ó fi bímọ. N kò bá wọn jà. Wọ́n ti sin ọmọ-ọmọ kan rí. Ẹ̀rù tó ń bà mí náà ló ń bà wọ́n. Joseph ọkọ rẹ ìbá dá sí i, ṣùgbọ́n ó wà lọ́nà Kútọnu pẹ̀lú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ṣe òmíràn. Mo rántí ìyá mi aládìrẹ ní Ìtòkú, bí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ láfún ya aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Mo se láfún pẹ̀lú álọ́ọ̀mù díẹ̀, mo fi ìyẹ́ adìẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́ sára òǹtẹ̀ kan náà, mo tẹ̀ ẹ́. Ti àkọ́kọ́ ṣàn, bébà sì ká. Èyí tó tẹ̀ lé e, n kò jẹ́ kó gbẹ tán. Búlùú wọ abẹ́ láfún, ó jẹ ìlà ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ lọ. Mo tẹ òmíràn, mo sá a sóòrùn títí láfún fi le bí èépá. Mo po búlùú ìfọṣọ kó ki, mo fi fóòmù tẹ̀ ẹ́ lé e láì nù ún. Nígbà tó gbẹ, mo fi ẹ̀yìn ìyarun họ láfún kúrò. Ìwọ nìyẹn, tìwọ tikùn rẹ, funfun láàárín búlùú. N kò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè fi ọwọ́ mi ṣe.

Àdùkẹ́ yóò kọ́kọ́ fi káàdì náà han ìyá ọkọ rẹ. Bí ọkàn wọn bá rọ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí o lọ. Sọ pé kí ìyá àgbẹ̀bí bá wa wọ mọ́tò, kí wọ́n gbé omi àdúrà wọn dání. Ibi gbogbo ni àdúrà ń dé. Alhaji Gbàdàmọ́sí, onílé wa, ti gbé Pijó wọn jáde, nínú ọ̀wọ́n epo yìí. Wọ́n ní, "Màdáámù, àgbò Alaba Rago gan-an kò lórí kunkun tó yín. Ẹ wọlé ká lọ." Ilé ìwòsàn ìjọba la ń lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. O mọ̀ mí, n kì í bẹ̀bẹ̀. Mo bẹ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run tó fi ọ́ fún mi má gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Wẹ́rẹ́ ni o ó sọ̀. A ó gbóhùn rẹ, a ó sì gbóhùn ọmọ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
R. A. Ògúndìran.

Àfikún: Ẹnu géètì yín ni mo ti ń kọ èyí. Ìyá ọkọ rẹ ti gba káàdì náà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọn kò sọ pé ó dára. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ wọlé, kí n bọ́ bàtà, kí n sì dúró nínú ọgbà títí àdúrà yóò fi parí. Mo ti bọ́ bàtà. Ẹ̀yìn fèrèsé yàrá rẹ ni n óò dúró sí. Má dúró de àmín kí o tó jáde wá bá mi. Bí ẹsẹ̀ rẹ kò bá gbé ọ, fi ọwọ́ lu ògiri. Èmi náà kò ní dúró de àmín.