Ìyá Ẹlẹ́yin Ni Mo Pe Ara Mi

Eirlys ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Kí Olúwa tó ń ṣọ́ àgùntàn lórí òkè wa níbí máa ṣọ́ ẹ̀yin náà nínú èrò ìlú Káádíìfù yẹn, kí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ má dí. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tún ti ń jò sórí dùùrù, Tegwen tòdìkejì ọ̀nà sì gba ipò kìíní nínú ìdíje kéèkì lọ́dún yìí, kéèkì tí mo mọ ibi tó ti rà á, ṣùgbọ́n mo pa ẹnu mi mọ́.

Má bínú pé n kò pè ọ́. Mo ti fi fóònù tí o rà fún mi sínú agolo bísíkíìtì, mo sì dé e pa, nítorí Tegwen ní káńsù mọ gbogbo ohun tí èèyàn ní lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Mo wò ó yíká, mi ò rí nǹkan mìíràn nínú ilé tó lè máa sọ fún wọn.

Ọ̀rọ̀ bàbá rẹ ni mo fẹ́ sọ. Mo ti ṣe ohun kan tí mi ò lè sọ fún ọ láti oṣù mẹ́ta, ojú ń tì mí.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e láti ilé ìwòsàn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, wọ́n ní káńsù máa wo iye tó ń wọlé fún un kí wọ́n tó mọ iye tó máa san. Ìwọ náà mọ bí a ṣe ń ka ẹran níbí: àgùntàn tó bá ti ní ọ̀dà pupa lẹ́yìn, tiwa ni, ìbáà jẹ́ èyí tí ìyá mi fún mi nígbà ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè. Mo wá rò ó pé bí wọ́n bá ti rí i pé ọ̀dà kan náà ló wà lẹ́yìn èmi àti Idwal bàbá rẹ, wọ́n á da owó ìfẹ̀yìntì tèmi àti owó ẹyin tí mò ń tà lẹ́nu géètì pọ̀ mọ́ tirẹ̀, kí ni n ó wá máa jẹ? Bí ọmọbìnrin tó ń kọ̀wé ṣe bi mí pé kí ni mo jẹ́ sí bàbá yìí, mo ti bọ́ òrùka mi sápò, mo ní ẹyin ni mo máa ń tà fún un.

Bí mo ṣe di ìyá ẹlẹ́yin nìyẹn. Ìwé kan wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà tí àlejò ń fọwọ́ sí, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń kọ ẹlẹ́yin síbẹ̀, tí mò ń gbé ẹyin mẹ́fà lé wọn lọ́wọ́, tí n ó wá jókòó sí àga kejì sí bàbá rẹ bí ẹni tó kàn ń sinmi ẹsẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́ á máa rẹ́rìn-ín, á ní Nesta, kí ló dé tí o jókòó sọ́hùn-ún, àbí mò ń rùn ni? Èmi á fi ìka sẹ́nu pé kó dákẹ́.

Òtútù àyà wá mú un. Wọn ò pè mí, ta ló ń pe ẹlẹ́yin? Ọjọ́ kẹfà ni mo tó gbọ́. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà kò pè mí ní Nesta mọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni lẹ́tà káńsù dé. Wọ́n ní níwọ̀n bí Ọ̀gbẹ́ni Idwal Probert kò ti ní aya, gbogbo owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ òkúta rẹ̀ làwọn máa kà. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo ti ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tí kò ní aya.

Mo gbé ìwé ìgbéyàwó wa àti agolo owó ẹyin, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí káńsù, mo da gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì pé kí wọ́n máa mú un, kí wọ́n ṣáà dá ọkọ mi padà fún mi. Obìnrin tó wà níbẹ̀, Ìyáàfin Pryce, ní Màmá, ẹ kó owó yín o, kò kàn wá. Ó ní ti bàbá rẹ nìkan làwọn ń kà, àwọn kì í ka ti ìyàwó. Ó tún ní ká ní mo ti sọ pé ìyàwó rẹ̀ ni mí ni, ó lè fi ìdajì owó iṣẹ́ òkúta yẹn sílẹ̀ fún mi, àwọn ò sì ní kà á mọ́ ọn, àti pé àwọn máa ń ṣẹ́ díẹ̀ kù fún bàbá rẹ náà tó máa fi ra suwíìtì. Wọ́n máa tún un kà. Ọ̀rọ̀ owó ti lójútùú, Eirlys. Ìyẹn kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì mo fi ọṣẹ ti òrùka mi wọ ìka, mo kọ ìyàwó gàdàgbà sínú ìwé ẹnu ọ̀nà, mo lọ jókòó ti bàbá rẹ, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó rọra fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Ó ní Ìyá ẹlẹ́yin, ẹ má bínú, ẹ bá mi sún sí àga kejì, ìyàwó mi ló ni àga yìí, ó máa tó dé. Mo bi í pé ṣé ó máa ń wá ni. Ó ní kò tíì wá, àmọ́ ó máa wá. Mo sún. Àwa méjèèjì jọ ń wo ilẹ̀kùn títí wọ́n fi gbé tíì wá.

Jọ̀ọ́ ọmọ mi, bọ́ọ̀sì kì í rìn níbí lọ́jọ́ Àìkú, àwọn olùtọ́jú sì ní ọjọ́ Àìkú ló máa ń so táì, tó sì máa ń retí mi. Fi owó takisí ránṣẹ́ sí mi. Inú lẹ́tà ni kí o fi sí, má san án sí báńkì, ẹ̀rọ wọn ń bi mí ní nọ́ńbà àṣírí níta gbangba, mo sì sọ fún un pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí Ọlọ́run bù kún ọ, kó bù kún ọkọ rẹ. Kó má jẹ́ kí ẹ̀rù owó mú ọ sẹ́ ẹni tó ń dúró dè ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nesta, ìyàwó Idwal.